Àga Ẹni Tó Ń Bó Ápù

Àkàrà ápù àkọ́kọ́ tí Krijn Verhoeks rà lọ́wọ́ Aleida, inú áńkáṣíìfù ló tu ú sí.

Kì í ṣe ẹni tó máa ń tutọ́ ní gbangba. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ojo sì ni. Ẹ̀rù ajá ń bà á. Bí tẹlifóònù bá dún láìròtẹ́lẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Obìnrin tó bá ń sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀nà ibòmíràn ni yóò gbà. Ápù nìkan ni kì í bà á lẹ́rù. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko ápù lẹ́bàá odò Waal, kò sì sí ohun tí ápù lè fi ṣe é tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ lòun náà rò.

Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ yìí kì í ṣe ápù. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí òwú tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà. Fúláwà tí wọ́n fi bò ó nípọn bí ìbọ̀sẹ̀ ṣọ́jà, òróró sì ń ro láti ara rẹ̀. Agolo! Ápù inú agolo ni wọ́n rì bọ fúláwà, tí wọ́n sì dín. Ní abúlé Wamelhoek, níbi tí èèyàn kò lè sọ òkò kó má ba igi ápù, ẹnìkan gbójúgbóyà, ó ṣí agolo.

"Kí ló dé, ọ̀gá? Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

Obìnrin tó wà nídìí agbada ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ga, ó sán apá aṣọ rẹ̀ sókè nínú òtútù oṣù Kejìlá, àpá òróró gbígbóná sì wà káàkiri apá rẹ̀ méjèèjì. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí Krijn sá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múra tán. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́.

"Ẹni... ẹni tó ṣe èyí," ó ní, "ó... ó kórìíra ápù."

"Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ... ẹ kú iṣẹ́ o."

Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà na ṣíbí oníhò rẹ̀ sí i bí ẹni na ìbọn. "Ẹ gbọ́ ẹnu ará ilé bíríkì! Ẹ̀yin tí ẹ kò dín ẹyin rí kó má jóná!"

Orúkọ tí àwọn oníjangirọ́fà bí obìnrin yìí máa ń pe àwa yòókù nìyẹn: ará ilé bíríkì. Ilé tiwọn, táyà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn á máa gbé jangirọ́fà wọn láti ìlú dé ìlú. Bí òtútù bá dé, wọn á pàgọ́ sẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á máa dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti àkàrà ápù títí ọdún yóò fi yí. Àwa náà ní orúkọ tí à ń pè wọ́n. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Krijn kò wo ojú èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàkíyèsí. Kó tó lọ, ó ti rí ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni àga onígi kékeré kan lẹ́yìn obìnrin náà, tí ọ̀bẹ ìbóǹkan rọ̀ sórí ìṣó lókè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Èkejì ni ọwọ́ òsì obìnrin náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò na ọwọ́ yẹn sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, yóò ya àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Atẹ́gùn nìkan ló ń bà. Yóò wá fa ọwọ́ padà, yóò sì tì í bọ inú agolo.

Ní ọjọ́ kejì, Krijn padà lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ wò ó bóyá ó ti dára sí i. Kò dára sí i.

"Ti òní burú ju ti àná lọ," ó ní.

"Ẹ ṣeun. Mo gbìyànjú."

Ní ọjọ́ kẹta, kò tíì yọ owó lápò tí obìnrin náà fi sọ pé, "Ṣé ẹ tún wá bú wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀... bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tò sórí ìlà. Àwọn tó wá ra nǹkan ló ṣáájú."

Báyìí ni ó di ohun ojoojúmọ́. Ó gbọ́ pé Aleida lorúkọ rẹ̀. Aleida náà gbọ́ tirẹ̀. Bí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lu mẹ́rin, Aleida á gbójú sókè, á wo ọ̀nà oko. Tó bá ti rí kẹ̀kẹ́ Krijn, á fa ojú ro. "Èyí tó jóná jù ni mo fi pamọ́ fún yín," á wí bẹ́ẹ̀, á fún un nínú bébà tó dì lọ́tọ̀. Krijn á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Mo ti jẹ ìdí bàtà tó dára ju èyí lọ." Aleida á ní, "Ó hàn lẹ́nu yín."

Ní ọjọ́ kẹfà, Krijn mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀. Inú bí i. Ní ọjọ́ orí rẹ̀! Ìfẹ́ ṣáà rọra wọlé bí omi ṣe ń wọ bàtà tó lu: ẹsẹ̀ ti tutù kí èèyàn tó mọ̀.

Neeltje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló kọ́kọ́ rí i. Ilé tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ṣe ìgbéyàwó nínú wọn. Neeltje mú kóòtù Krijn, ó fi imú kàn án.

"Òróró."

"Mo... mo gba ibẹ̀ kọjá."

"Lójoojúmọ́?"

Krijn gba kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Gbọ́, Krijn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní táyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ní táyà. Àwọn òbí wa kò forí ṣe fọrùn ṣe kí o lè máa bá oníjangirọ́fà ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí o bá fẹ́ àkàrà ápù, mo lè dín in."

Èyí tí Neeltje dín ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ajá aládùúgbò wọn kò jẹ ẹ́. Krijn kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ Aleida náà, ogun ń bẹ. Dina, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kì í kúrò lójú fèrèsé ilé onítáyà wọn lẹ́yìn ìsọ̀. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kan gíláàsì.

"Aleida! Onímú tútù rẹ ti dé o!"

"Mo rí i, Màmá."

"Má rí i jù. Ará ilé bíríkì á bá ọ rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kejì oṣù Kìíní. Tí a bá ti so ilé mọ́ ọkọ̀ báyìí, kò ní rántí orúkọ rẹ mọ́. Wọ́n ń wò wá bí ẹni pé a fẹ́ jí ọmọrí ìkòkò wọn. Ìkòkò wo gan-an? Wọn ò mọ oúnjẹ í sè!"

Bóyá ọ̀rọ̀ yìí ló bí Aleida nínú tó fi pe Krijn níjà lọ́jọ́ Ẹtì lójú gbogbo èèyàn. "Ọ̀gá ẹlẹ́gàn, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ gbé ápù tiyín wá lọ́la, ẹ wá dín in, ká rí."

Ẹ̀rù ba Krijn débi pé ó gbé orí sókè-sódò. Gbogbo èèyàn sì gbà pé ó ti gbà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé kéréètì ápù Goudreinet kan lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ápù yìí, ara rẹ̀ rí gbàkàgbàkà bí ọwọ́ àgbẹ̀, kò lẹ́wà rárá, ó sì kan. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ dín ápù, òun ni ápù. Èyí tó kù, kí wọ́n máa fi ya fọ́tò. Inú ilé òtútù, níbi tí wọ́n ń kó ápù pamọ́ sí, ni Krijn ti lọ yan wọ́n ní kùtùkùtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó dán mọ́rán jù.

Ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀. Ó rí àga onígi náà, ó fẹ́ jókòó láti bó ápù rẹ̀.

Kó! kó! kó! Òrùka kan gíláàsì.

"Dìde! Má gbé ìdí rẹ síbẹ̀ o!"

Krijn fò sókè bí ẹni jókòó lé iná. Ìdúró ló fi bó ápù. Ó gé e róbótó, ó nípọn bí àtàǹpàkò, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń pè ní ápù. Ó rì í bọ fúláwà, ó jù ú sínú òróró. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí wúrà. Ó lẹ́wà! Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, Krijn kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé.

Ó fún Bastiaan, apẹran, ní àkọ́kọ́. Bastiaan gé e jẹ.

Kàù.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Fúláwà bọ́ sílẹ̀ lára ápù náà bí ṣòkòtò tí kò ní bẹ́líìtì. Ápù funra rẹ̀ wà ní tútù, ó le, ó funfun, kò mọ̀ pé wọ́n gbé òun kọjá lára iná.

"Krijn," Bastiaan ní, ó di eyín mú, "o dín yìnyín fún mi!"

Ẹ̀rín yẹn, àfi kí ẹ wà níbẹ̀. Dina rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ aṣọ fèrèsé. Aleida ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń fi ṣíbí oníhò lu etí agbada. Àfìgbà tó rí ọwọ́ Krijn. Ọwọ́ náà ń ṣa fúláwà tó bọ́ sílẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ọ̀bẹ sì ṣì wà nínú ìkejì. Ẹ̀rín gé lẹ́nu rẹ̀.

Krijn rọra fi ọ̀bẹ kọ́ ìṣó. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Kò gbé kéréètì rẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta kò jáde. Neeltje ń kọrin nínú ilé ìdáná.

Nígbà tó ku ọ̀túnla kí Kérésìmesì pé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Neeltje ṣí i níwọ̀n tí imú rẹ̀ lè yọ.

"Kí lẹ ń fẹ́?"

"Kéréètì yín ni mo gbé wá."

"Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

"Mo fẹ́ rí Krijn."

"Krijn kò sí nílé."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò lórí àtẹ̀gùn yẹn."

Krijn sọ̀kalẹ̀. Neeltje mú ìgbálẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì gbálẹ̀ kankan.

Aleida kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó wọlé. Ó dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ìrì dídì ń bọ́ sí i lórí. "Níbo lo ti gbé ápù ọjọ́ yẹn wá?"

"Ilé... ilé òtútù."

"O gbé e láti inú òtútù sínú òróró gbígbóná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún mélòó lo ti ń ṣiṣẹ́ ápù?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì! O mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, o mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, o mọ bí wọ́n ṣe ń kó o pamọ́. O ò mọ̀ pé ó yẹ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá. Òmùgọ̀ lásán-làsàn." Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀. "Lórí pẹpẹ òkè sítóòfù wa ni mo kó ìyókù wọn sí láti ọjọ́ yẹn. Mo gé e kó nípọn tó ìdajì bí o ṣe gé e. Mo nù ún gbẹ, mo fi fúláwà gbígbẹ pa á lára kí n tó rì í bọ èyí tí mo pò, kó lè dì mọ́ ọn. Jẹ ẹ́."

Krijn gé e jẹ. Èèpo rẹ̀ ta kírákírá lábẹ́ eyín. Nínú, ápù náà ti rọ̀ láìtíì fọ́. Ó gbóná, ó kan, ó dùn. Oko náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òjò ibẹ̀ àti koríko ibẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ó... ó fẹ́ẹ̀ dára."

"Fẹ́ẹ̀?"

"Ó dára, Aleida."

Wọn kò bú ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Kò mọ́ wọn lára.

"Tí o bá mọ̀ ọ́n ṣe báyìí," Krijn ní, "kí ló dé tí o fi ń ṣí agolo?"

"Ta ni yóò bó o? Ọwọ́ méjì péré ni mo ní, ọwọ́ Màmá kò sì gbé ọ̀bẹ mọ́." Ó wo ìrì dídì, kò wo Krijn. "Nínú ilé onítáyà wa, ọkùnrin ló ń bó ápù, obìnrin ló ń dín in. Bàbá mi àgbà jókòó sórí àga yẹn. Bàbá mi jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin tó bá jókòó síbẹ̀, ọkọ obìnrin tó wà nídìí agbada ni. A kì í dúró de pásítọ̀ kó tó so wá pọ̀. Gbogbo oníjangirọ́fà tó bá rí i ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi pariwo mọ́ ọ."

"Ti... tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi jókòó fún ọdún mẹ́ta. Ó dìde lọ ra sìgá. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Bóyá ìlà gùn níbẹ̀."

Krijn ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó kọjá.

Aleida dúró. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí obìnrin dúró nínú òtútù lọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní la ó so ilé mọ́ ọkọ̀." Ó lọ.

"Ó ti lọ?" Neeltje ní. "Ọpẹ́ ni. Kí nìyẹn lọ́wọ́ rẹ? Jù ú nù."

Krijn dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì lá ṣúgà ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, Aleida máa ń bá kéréètì Goudreinet kan lẹ́nu ọ̀nà ilé onítáyà wọn. Wọn kì í tutù. Orí dùùrù ìyá Krijn ni wọ́n ti ń sùn mọ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, Neeltje sì ń pariwo. Kò sí ìwé nínú kéréètì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

"Ápù nìkan?" Dina ní. "Kò lẹ́nu ni? Ẹni tó ń fi ápù tọrọ obìnrin, ẹṣin ló yẹ kó fẹ́."

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún dé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ará ibí yìí tó lè wọ inú ọdún tuntun láìjẹ àkàrà ápù. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ látọdún á wá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ nítorí rẹ̀. Ìlà gùn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé orí afárá. Aleida nìkan ló wà nídìí agbada. Kéréètì mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kún fún ápù tí kò sẹ́ni bó, ó sì tún ti ṣí agolo.

Krijn wà lórí ìlà. Bastiaan ló wà níwájú rẹ̀. Neeltje wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun wá ra ti pásítọ̀ ni. Irọ́ ni.

Krijn ń wo ọwọ́ òsì Aleida. Ó lọ sẹ́yìn, ó ya àtẹ́lẹwọ́. Kò bá nǹkan kan. Ó padà. Ó tún lọ. Kò bá nǹkan kan. Nígbà kẹta, Krijn kò lè wò ó mọ́. Ó kúrò lórí ìlà.

"Krijn!" Neeltje ké. "Wọn ò ní gbà ọ́ padà síbẹ̀ mọ́ o!"

Ó yípo lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ àga. Ó gbójú sókè, ó bá ojú Dina pàdé ní fèrèsé. Dina gbé òrùka rẹ̀ sókè, ó gbé e sún mọ́ gíláàsì.

Kò kàn án.

Krijn jókòó.

Oníjangirọ́fà tó ń ta ṣokoléètì gbígbóná ní ìsọ̀ kejì rí i. Ó ṣí fìlà. Láti iwájú ìlà dé ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn.

"Krijn Verhoeks, dìde níbẹ̀!" Neeltje ti dé iwájú ìsọ̀. "Mo gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣé o mọ ohun tí o ń ṣe yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ kò kọsẹ̀.

"O ò sun ibòmíràn rí láyé rẹ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Dìde nígbà náà!"

"Rárá." Ó mú ọ̀bẹ lórí ìṣó, ó mú ápù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Fèrèsé ṣí. "Èèpo yẹn ti nípọn jù!" Dina ní. "Ṣé ápù lo ń bó ni àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Ẹ má bú àbúrò mi o, Màmá!" Neeltje fò mọ́ ọn. "Èmi nìkan ló lè bú u!"

"Wá bú u láti ibí yìí. Ibi tí o wà yẹn jìnnà."

Neeltje wo àbúrò rẹ̀ lórí àga kékeré náà, orúnkún rẹ̀ kàn án lágbọ̀n. Ó wo ìlà tó gùn. "Ẹ fún mi ní mẹ́fà," ó ní. "Kì í ṣe ti agolo."

Ní gbogbo àkókò yìí, Aleida kò wẹ̀yìn. Ó ń wo òróró. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Krijn."

"Olólùfẹ́ mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ya òun alára lẹ́nu.

"Ṣé o ò ní dìde lọ ra sìgá?"

"N kì í mu sìgá."

Bastiaan pariwo láti orí ìlà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fẹ́ ara wọn tán, ebi ń pa àwọn. Ọwọ́ òsì Aleida lọ sẹ́yìn, ó ya àtẹ́lẹwọ́, àpá òróró wà lára rẹ̀ káàkiri.

Krijn gé ápù náà róbótó, tín-ín-rín. Ó nù ún gbẹ. Ó fi lé e lọ́wọ́.